Èmi Ni Ìyálé Ilé-Ìwé Yìí

Jókòó, àbúrò mi. Má wo ojú fèrèsé mọ́. Yìnyín ló kún ìta, kò sí ọmọ kankan nínú ọgbà, kò sì sẹ́ni tí yóò wá gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù kejì ọdún la wà. Àwọn ọmọ wà ní ìsinmi, ó di oṣù kẹta kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ní kí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nídìí tábìlì rẹ̀ láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ọmọ ì báà wà, ọmọ ì báà má sí. Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Ó máa tó ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo sì ti rí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ. A óò dé ibẹ̀.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bá wa ṣe àdéhùn nílẹ̀ Kòríà yìí, ẹni tó bá sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì là ń kí kú ìfaradà. Èmi ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, nínú ìlú kékeré yìí ní agbègbè Jeolla. Gbogbo olùkọ́ tí mo bá níbí ni ìjọba ti ṣí lọ síbòmíràn, nítorí wọn kì í jẹ́ kí olùkọ́ wọn pẹ́ jù lójú kan. Èmi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní igun ọ̀hún la kù, òun náà sì ti ń húkọ́. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Wo súwẹ́tà mi.

Wọ́n ní o fi ọdún méjì jù mí lọ. Mo ti gbọ́. Ọjọ́ orí ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni níbí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ gidi mú un: kí òfin tó dá sí i lọ́dún 2023, ọmọ ọjọ́ kan ti pé ọdún kan lójú wọn, tó bá sì di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, gbogbo ìlú á jọ fi ọdún kan kún tiwọn. Ṣùgbọ́n èyíinì kò ràn ọ́ lọ́wọ́. Ṣé ẹ kò ní ìyálé nílé yín ní Peckham ni? Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ì báà ṣe pé èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti hu ewú. Àwọn ará ibí náà mọ̀ ọ́n. Seonbae ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣáájú ẹni dé ibi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè ọ́ ní ìwọ, tí ìwọ yóò sì máa pè mí ní ẹ̀yin.

Má rò pé eré ni mo ń fi ìwọ àti ẹ̀yin ṣe. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbà ọ́ wá kọ́ àwọn ọmọ kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bó ṣe ń pe ọba náà ló ń pe ewúrẹ́. Èdè Kòríà mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló ń wọ agbádá tí àgbà bá wà níjòókòó, tó sì ń wọ ṣòkòtò péńpé láàárín ẹgbẹ́. Wọ́n ní àbúrò, dongsaeng, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Wọn kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Bí ọmọ kan bá pè ọ́ ní tíṣà lásán, kì í ṣe pé ó gbàgbé orúkọ rẹ. Ilé rere ló ti wá.

Ó kan ìkíni, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo sì fẹ́ fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo ní n kò ní dójú ti ìyá mi. Wọ́n mú mi wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kanlẹ̀. Bàbá náà kò fọhùn. Mo ní bóyá kò rí mi, tábìlì rẹ̀ ga. Mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ìwọ kò mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún alààyè nílẹ̀ yìí. Òkú ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti sin ọ̀gá mi lójú ara rẹ̀, kí n tó jókòó síbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi lè jókòó tì mí nídìí oúnjẹ. Nítorí náà, tẹ orí àti èjìká ba, kí o sọ "annyeonghaseyo", ó tó. Sọ ọ́ fún ọ̀gá, sọ ọ́ fún àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ, sọ ọ́ fún bàbá ẹnu géètì. Àwọn ọmọ yóò kí ọ nígbà ogún lọ́jọ́ kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Dá gbogbo rẹ̀ lóhùn.

Má sì jẹ́ kí oyè tí wọ́n fún wa gùn ọ́ lórí. Wonomin gyosa, olùkọ́ tó jẹ́ onílé èdè. Ọdún 1995 ni ìjọba wọn dá ètò EPIK sílẹ̀ láti máa kó irú wa wá sílé-ìwé, nígbà tó sì di 1997, Gẹ̀ẹ́sì wọ iṣẹ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kẹta. Orílẹ̀-èdè méje ni físà wa mọ̀: Amẹ́ríkà, Kánádà, Brítéènì, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Ìyá mi fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ l'Ábẹ́òkúta kó tó lọ bí mi sí Lọ́ńdọ̀nù. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ aláwọ̀ ewé kò lè gbé e débí. Èmi tí mo kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní onílé. Ìwé pẹlẹbẹ kan ló gbé ọ wá, àbúrò mi. Rọra.

Olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí kan yóò máa bá ọ wọ kíláàsì. Òun ló mọ orúkọ àwọn ọmọ, òun ló ń kọ máàkì, òun náà ni yóò sì wá sọ fún ọ, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, pé kò sí kíláàsì mọ́, pé eré ìdárayá ni, tàbí pé mẹ́rin ni o ní lónìí kì í ṣe méjì. Má bèèrè ìdí. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fi bèèrè.

Má fi yíǹkì pupa kọ orúkọ ọmọ. Ikú ni wọ́n gbà pé ó ń fà. Mo ti sin ọ̀gá, má bá mi fi ọmọ ọlọ́mọ kún un. Bí ọmọ kíláàsì kejì bá pa ọwọ́ pọ̀ lẹ́yìn rẹ bí ẹni fẹ́ gbàdúrà, tí ìka ìfábẹ̀là méjèèjì sì yọ síwájú ṣoṣoro, kì í ṣe àdúrà. Fẹ̀yìn ti ògiri. Àgbà kì í ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ìjà, má dá sí i: ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ló ni súìtì tó kù, gawi bawi bo ló ń parí rẹ̀, eré ọwọ́ àlùmọ́gàjí, òkúta, aṣọ. Ẹni tó bá fìdí rẹmi kì í jiyàn. Mo mọ ìgbìmọ̀ ìjọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ fún.

Oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wa là ń jẹ ẹ́ pọ̀ nínú àwo irin olójú púpọ̀, ìrẹsì, ọbẹ̀, kimchi. Dúró kí àgbà kọ́kọ́ gbé ṣíbí. Má gún ọ̀pá ìjẹun ní òòró sínú ìrẹsì, nítorí ó jọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òkú (òkú ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, mo mọ̀). Wọn yóò wá bèèrè tìkẹ́-tìkẹ́ bóyá ẹnu rẹ gba ata. Má rẹ́rìn-ín. Ìwọ ọmọ tí wọ́n fi ọbẹ̀ ata já lẹ́nu ọmú, jẹ kimchi náà, fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu, kí o ní ó ta. Inú wọn á dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, girama tó wà lódìkejì títì ni wàá lọ, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fetí sí. Wàá rí ọmọ tó sùn lé tábìlì. Má pariwo mọ́ ọn. Nígbà tó kúrò nílé-ìwé lánàá, hagwon ló gbà lọ, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí òbí ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Seoul, òfin ló ní kí wọ́n tì í ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ká ní kò sí òfin ni, ilẹ̀ ì bá mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá ni gbogbo rẹ̀ ń dúró dè, ọjọ́ suneung, ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Lọ́jọ́ náà, ọ́fíìsì ń pẹ́ ṣí kí ọ̀nà lè ṣófo, ọlọ́pàá sì ń gbé ọmọ tó bá pẹ́ sá eré dé gbọ̀ngàn ìdánwò. Nígbà tó bá kan ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fetí gbọ́, bàálù kì í gbéra, kì í balẹ̀, jákèjádò ilẹ̀ Kòríà, fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Gẹ̀ẹ́sì tí èmi àtìwọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbí ló dá bàálù dúró.

Ọmọbìnrin kan sùn ní kíláàsì mi fún odindi sáà kan. Lọ́jọ́ kan tí òtútù mú, mo fi kóòtù mi bò ó, mo sì ń bá ẹ̀kọ́ mi lọ ní ohùn jẹ́jẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìdánwò, ó wá bá mi, ó tẹríba, ó sì fọwọ́ méjèèjì gbé ọsàn kékeré kan fún mi. Láti 2016 ni òfin kan ti wà tó lòdì sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kí olùkọ́ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́. Mo bó ọsàn náà, mo jẹ ẹ́, mo kó èèpo rẹ̀ sápò.

O ń wo aago. Ó ku wákàtí márùn-ún. Ìjókòó ni iṣẹ́ lónìí, Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìjókòó bí irú èyí ni mo fi kọ́ ìwé kíkọ wọn, lẹ́tà mẹ́rìnlélógún lóde òní, èyí tí ọba Sejong ṣe ní 1443 tó sì gbé jáde fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1446. Kò gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n láàárọ̀ yìí, ìwọ ì bá ti ka orúkọ tó wà lára pẹpẹ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí olúkúlùkù ń bọ́ bàtà ìta sí, tó sì ń wọ sálúbàtà tirẹ̀. Ìlà kejì láti ìsàlẹ̀, lápá òsì, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni àdéhùn mi yóò parí. Títí dìgbà náà, jọ̀wọ́, bọ́ sálúbàtà mi.