Àbíjàndé àti Ìsinmi Rẹ̀

Kò sí agbo ilé kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ èyí kan ní gbogbo ẹkùn Èjìgbò, ilé Ògìyán, òrìṣà tí í fi iyán ṣe oúnjẹ, tí kò ní ọmọ kan lẹ́yìn odi ní Côte d'Ivoire, tí ọmọ náà kì í sì í ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún pé bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti lé, òun ń bọ̀ wá lo ìsinmi òun ní ilẹ̀ bàbá òun. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá níhìn-ín. Àbíjàndé ni èmi yóò máa pè é, nítorí pé ọjọ́ tí ó bá wọ̀lú, ariwo tí àwọn ọmọdé máa ń pa ni pé Àbíjàn ti dé.

Ẹ̀yà ara mọ́tò ni Àbíjàndé ń tà ní Adjamé, ní ìlú Àbíjàn. Ètò ìsinmi rẹ̀ kì í dúró di ìgbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ gan-an, nígbà tí eruku ọ̀nà ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ kò tíì kúrò lára àpò rẹ̀, ni yóò ti ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, tí yóò fi rúlà fa ìlà sí i, tí yóò sì kọ gbogbo ibi tí òun yóò dé nílẹ̀ Nàìjíríà ní ẹsẹẹsẹ: Òkè Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà ogun, òkè Ìdànrè, omi tí ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, orí òkè Obudu tí òtútù ti ń mú ènìyàn lọ́sàn-án gangan, àti igbó Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, níbi tí erin ti ń rìn ní tirẹ̀ tí omi gbígbóná sì ń sun láti inú ilẹ̀. Bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí í ṣe onílẹ̀ bá jókòó ti àwo attiéké àti ẹja díndín lálẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ tí ó jẹ́ pé Anàgó ni wọ́n ń pè é, yóò ṣí ìwé náà fún wọn, yóò sì máa là á yé wọn pé kìlómítà níbùú lóròó 923,768 ni ilẹ̀ òun, nígbà tí tiwọn kò ju 322,463 lọ, pé ẹni tí ó bá fẹ́ wo ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní àwòtán, kí ó má ṣe fi oṣù kan tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí kì í sọ fún wọn ni pé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, tí ọkọ̀ sì ń gbéra láti Èjìgbò lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, òun kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí láti ọjọ́ tí ìyá òun ti bí òun.

Ní ti ọ̀nà, ẹ má fojú di í. Baba ni níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá irú rẹ̀ ló ti wà ní Gánà kí òfin 1969, ti ìjọba Busia, tó lé wọn jáde, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò sì lè fi ọwọ́ òfo wọlé, tí wọ́n kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, tí wọ́n lọ bá àwọn ará tó ti ṣáájú wọn. Nítorí náà ìrìn wà lára rẹ̀. Ó mọ gbogbo ẹnubodè ojú ọ̀nà: ó mọ Noé àti Elubo, ó mọ Aflao, ó mọ Hilacondji, ó mọ Ṣẹ̀mẹ̀. Ìwé tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979, pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lórí bí ọmọ iléekéwú ti mọ Fátíà. Síbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó wà lábẹ́ ìnáwó nínú ìwé rẹ̀ ni owó bọ́dà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù Ògún 2019, tí kò ṣí i títí di oṣù Ọ̀pẹ 2020, Àbíjàndé kò dẹ́kun ètò. Gègé pupa ló fi ń kọ ọ́.

Ọjọ́ tí ó bá dé ni ẹ̀yin ìbá wò! Láti oṣù Òkúdù 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà, tí owó sefa díẹ̀ ti ń di náírà ẹgbàágbèje, àwọn onílù ti mọ ìró ọkọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọlọ́jà. Kí ó tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í ní ọmọ a-lọ-sájò-má-gbàgbé-ilé, ọkọ sefa, àrẹ̀mọ tí ojú ìlú ń wọ̀nà fún, tí òun náà yóò sì máa lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí títí tí aya rẹ̀ yóò fi fà á láṣọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò na ọwọ́ sí ìyá àgbà pé “Bonjour”. Ìyá àgbà, tí ó ti ta ata ní Abobo, ní Àbíjàn, fún ọdún gbọọrọ, yóò fi Faransé tó já gaara ju ti ọmọ lọ dá a lóhùn, kí ó tó wá bi í ní Yorùbá pé kí ló dé tí kò dọ̀bálẹ̀.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orí àga kan náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìsinmi náà ti ń wáyé. Ẹni tí ó bímọ dé, ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò dé, ẹni tí ó ní ohun kan kékeré láti bá a sọ ní kọ̀rọ̀ dé, ìyẹn sì ni kì í kéré jù. Àwọn ẹbí ti pa ìnáwó òkú méjì mọ́ dè é. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì, àwọn méjèèjì sì jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Ní alẹ́, aya rẹ̀ a rọra mú ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ náà wá.

“Bàbá Fátì, ẹ jẹ́ ká dé Ọ̀ṣun lọ́la, kí àwọn ọmọ yìí lè rí nǹkan sọ.”

“Ọ̀la kẹ̀? Ọ̀la ni àwọn àna wa ń bọ̀ láti Màsífà. Bí wọ́n bá dé tí wọn kò bá mi nílé ńkọ́?”

“Ọ̀túnla ńkọ́?”

“Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ìwọ náà rò ó wò.”

Mo ti rò ó wò bá aya rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ Nàìjíríà ni Àbíjàndé wá wò. Ó wá kí ilẹ̀ Nàìjíríà lè wo òun ni. Ní Adjamé, ọlọ́pàá ń bi í léèrè ìwé ìdánimọ̀, onílé ń pè é ní Anàgó láìfi orúkọ kún un. Bí ó bá sì lọ sí Olúmọ, yóò san owó ẹnu ọ̀nà bí gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò kì í. Níhìn-ín nìkan ni ó ti di ènìyàn ńlá, owó orí rẹ̀ ni ó sì ń san yẹn. Àwọn àgbà wí pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ti Àbíjàndé yàtọ̀, ilé ni ó ti ń ṣiṣẹ́, oko ni ó ń sá padà lọ láti lọ sinmi. N kò sọ pé kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tán: ọ̀pọ̀ ilé tó gbayì ní ẹkùn wa yìí, owó Àbíjàn ló gbé e dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ tó kàwé ni owó yẹn rán nílé ìwé. Ṣùgbọ́n àwa tí a bá a jẹ ẹ́ náà ni a kò jẹ́ kí ó dìde lórí àga.

Bí oṣù Ṣẹẹrẹ bá dé ìdajì, owó ọkọ̀ ìpadàlọ rẹ̀ a di yíyá lọ́wọ́ àna. Ní Adjamé, yóò sì máa ròyìn erin Yankari fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò fi apá méjèèjì wọn bí etí erin náà ti fẹ̀ tó. Ẹ̀yin ará ilé, bí ó bá tún dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ kan péré fún un. Ọkọ̀ Òṣogbo ń gbéra ní Èjìgbò láti òwúrọ̀ kùtù, owó rẹ̀ kò sì tó èyí tí ó ń lẹ̀ mọ́ onílù kan níwájú orí.