Dọ́là Tó Ń Di Dọ̀la

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin Aláyélúwà Ayélujára! Ẹ ti ra orúkọ ìkànnì, ẹ ti ya lógò aláwọ̀ márùn-ún, ẹ ti tẹ káàdì "Olùdásílẹ̀ àti Ọ̀gá Àgbà Pátápátá". Ó wá ku nǹkan kékeré kan: kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ìkànnì tí kò kan ẹnikẹ́ni ti pọ̀ nílẹ̀ yìí ju bí mo ti lè kà lọ, ṣùgbọ́n ti Alàgbà Kọ́pì ládùúgbò wa ni baba gbogbo wọn.

Nígbà tí Tim Berners-Lee fi ìkànnì àkọ́kọ́ han aráyé láti ibùdó ìwádìí CERN lọ́dún 1991, ọ̀rọ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Ká ní Alàgbà Kọ́pì ló ṣe é ni, orin ì bá ti máa lu yín létí kí ẹ tó rí lẹ́tà kan. Fèrèsé kan á yọ pé ẹ fi ímeèlì sílẹ̀, èkejì á ní kí ẹ gba ìfilọ̀, ẹ̀kẹta á bi yín pé ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ máa lọ. Kí ẹ tó dé ìdí ìròyìn, dátà ti tán, ìròyìn sì ti di ìtàn.

Ẹ gbọ́ orúkọ tí Alàgbà sọ ìkànnì rẹ̀: iroyinyajoyajolatigbogboorigunmererinaye. Lẹ́tà 40 nìyẹn, kí á tó dé com.ng. Lẹ́tà 63 ni wọ́n gbà láàyè. Ó ní òun fi 23 tó kù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òun. Ó wá gbàgbé pé a máa ń sanwó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onítẹ́tẹ́ sì gbé e, ni àwọn ìyá ìjọ tó wá ka ìwàásù bá ń bá káàdì àti tẹ́tẹ́ pàdé. Mi ò bú u púpọ̀ lórí èyí. Lọ́dún 2015, ọkùnrin kan fi dọ́là 12 ra google.com lọ́wọ́ Google fúnra wọn, ó sì jẹ baálé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó ta jí.

Ti ilẹ̀kùn ni mi ò lè dákẹ́ sí. Orúkọ ìwọlé: admin. Pásíwọ́ọ̀dù: 123456. Ó ní ta ló máa rò ó kàn? Bàbá mi, ta ni kò ní í rò ó kàn! Kì í tilẹ̀ ṣe èèyàn ló ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ni, kì í sùn, kì í ṣọ̀fọ̀, kì í lọ sí òde ìnáwó ní Sátidé. Ó kàn ń dán an wò ni, láti 123456 títí dé ọjọ́ ìbí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ rọra. Orúkọ àkọ́bí yín àti ọdún tí ẹ bí i lẹ fi ti fóònù yín, gbogbo ará ilé ló mọ̀.

Ọ̀fẹ́ tó dáa wà nílẹ̀ o. WordPress tí a fi ń kọ́ ìkànnì ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003, Let's Encrypt sì ń fi ìwé-ẹ̀rí HTTPS tó ń dáàbò bo ìkànnì tọrẹ. Alàgbà ní rárá. Ọ̀fẹ́ tí olè pín ló wù ú: theme (aṣọ ìkànnì) olówó tí ẹnìkan ti já àgádágodo rẹ̀, tó sì ti fi ọ̀nà ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Nọ́ńbà pupa tó ń sọ pé plugin (àfikún ìkànnì) ń fẹ́ àtúnṣe? Ó ní ọ̀ṣọ́ ni.

Ní oṣù kẹfà 2014, àwọn afọ́lé wọ Nairaland, gbàgede ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ti Seun Osewa, wọ́n palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀dà tó wà níbòmíràn ló kó o yọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan bá odò lọ. Ẹni tó ní ẹ̀dà nìyẹn! Tiwa ńkọ́? Ọkùnrin tó jí ìròyìn Kumasi gbé, tó gbàgbé yọ "akọ̀ròyìn wa ní Kumasi" kúrò, bẹ́ẹ̀ kò kọjá Ọ̀rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹni tó kọ́pì gbogbo ayé, tirẹ̀ nìkan ni kò kọ́pì.

Ẹ wá gbọ́ ti owó. Ó ti ka iye yàrá tó wà nílé Linda Ikeji, oníbúlọ́ọ̀gù nì, ní Banana Island, kò ka iye ọdún tí obìnrin náà ti ń kọ̀wé láti 2006. Ó gbé ìpolówó Google sí i, ó jókòó ti dọ́là. Dọ́là di dọ̀la, dọ̀la di dọ̀túnla. Àfi kó pé dọ́là 100 kí Google tó sanwó. Nígbà tó pé mẹ́wàá, Google ní àwọn máa fi lẹ́tà bébà ránṣẹ́ sílé rẹ̀, tí nọ́ńbà àṣírí wà nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì tó fún wọn? "Ilé kejì sí Ìyá Alákàrà, ẹ̀yìn táńkì omi." Lẹ́tà náà ṣì ń wá Ìyá Alákàrà kiri. Ni Alàgbà bá ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa tẹ ìpolówó. Màmá rẹ̀ tẹ ti tírákítọ̀ nígbà ogójì lálẹ́ ọjọ́ kan. Google kò bi ìyá arúgbó ní ohun tó fẹ́ fi ogójì tírákítọ̀ ṣe. Wọ́n kàn ti àkáǹtì ọmọ rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe bí ẹni mímọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń ka àkọlé nìkan, tí ẹ ó sì ti máa bú ẹni tó kọ ọ́. Alàgbà kọ nípa oko ẹ̀gẹ́, èèyàn méjì ló kà á: òun àti màmá. Ó kọ "Ẹ wo ohun tí pásítọ̀ yìí ṣe", ẹ ya lé e bí eṣú.

Àpilẹ̀kọ kan wà tí Alàgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, nípa bí wọ́n ṣe ń mọ ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ ti tà fún ẹni mẹ́ta. Òun nìkan ni àwọn èèyàn ṣì ń wá kà títí di òní, láìsí orin, láìsí fèrèsé. Kò tíì yé e ìdí rẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ lọ yí 123456 yẹn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má sì wá sọ fún mi pé 654321 lẹ fi rọ́pò rẹ̀.