Owó Wọgbó
Òtẹ́ẹ̀lì kan wà ní New York tí wọ́n ń pè ní The Plaza. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣí i, etí Central Park ló sì wà, ọgbà tó gba ilẹ̀ 843 éékà láàárín ìlú. Gbogbo yàrá ibẹ̀ ló gbówó lórí, ṣùgbọ́n èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà náà tún wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Kí ni wọ́n ń wò? Igi. Koríko. Òkúta ràgàjì tí àwọn èèyàn ń jókòó lé. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, òkúta o! Ní àdúgbò Adigbe níbí, bí fèrèsé yàrá bá kọjú sí igbó, àlejò á ti máa ná an wálẹ̀: ẹ̀fọn ńkọ́? Ejò ńkọ́? Mánéjà á yáa dín owó kù, á tún fi oògùn ẹ̀fọn ṣe ènì. Lọ́dọ̀ tiwọn, owó ń wọgbó, olówó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tí igbó ṣì wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣán an mọ́. Ẹ ra kọ́tìnnì tó dáa sí fèrèsé, kí ẹ sì fowó kún owó ilé.