Aláago Ògèrè

Nínú àwọn ènìyàn tí ọ̀làjú ti bí sí Ògèrè Rẹ́mọ láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò sí èyí tí ó tọ́ sí àkíyèsí tó Aláago. Aláago kì í ṣe ẹni tí ó ń tún aago ṣe lábẹ́ agbòòrùn lọ́jà. Ẹni tí ó ra smartwatch ni, èyí tí í ṣe aago ọwọ́ tí ojú rẹ̀ dà bíi ti fóònù, tí a ń fi Bluetooth so mọ́ fóònù gan-an, tí ó sì ń ka ìṣísẹ̀ ẹni, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù àti iye wákàtí tí ó fi sùn. Ó sábà máa ń jẹ́ ọkùnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, tí dókítà sì ti sọ fún lẹ́ẹ̀kan rí pé kí ó máa rìn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó hàn jù. Kí aago tó dé, apá agbádá rẹ̀ a máa bo ọwọ́ rẹ̀ dé ọmọ ìka, kò sì dí i lọ́wọ́ ohunkóhun. Láti ìgbà tí aago ti dé, kò sí ìgbà tí kì í ká a lé èjìká, kódà bí ọyẹ́ ń fẹ́. Bí a bá kí i ní òwúrọ̀ pé ṣé ó sùn dáadáa, kì í dáhùn kí ó tó wo ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ni ó bi í, yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, yóò sì ti orí ìdọ̀bálẹ̀ wo aago, kí ó tó wí pé, "Èmi rò pé mo sùn ni o, Ìyá, ṣùgbọ́n Aago ní oorun náà kò jinlẹ̀." Ìyá a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúrà fún un, nítorí ó gbà pé wòlíì kan ni Aago.

A kò lè dá ìyá náà lẹ́bi, nítorí ìlú wòlíì ni Ògèrè. Níbẹ̀ ni Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú ti dá Ìjọ Olúwa Aládúrà sílẹ̀ ní ọdún 1930, ibẹ̀ náà sì ni èrò ti ń wọ́ wá ní oṣù kẹjọ ọdọọdún fún àdúrà orí òkè Tàbọ́rà. Aláago kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Nígbà tí orin bá gbóná, tí ó ń pàtẹ́wọ́, tí ó sì ń fò sókè, aago a gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, a sì béèrè bóyá eré ìdárayá ni ó ń ṣe, nítorí àwọn aago kan a máa fura sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Aláago a tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà tí aago náà ń gbà mọ ìlù ọkàn kò ní awo nínú. Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan wà ní abẹ́ rẹ̀ tí ń tàn sí awọ ara. Ẹ̀jẹ̀ a máa fa irú ìmọ́lẹ̀ yìí mu, nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pọ̀ tí ó sì ń dín lábẹ́ awọ nígbà tí ọkàn bá lù, ìmọ́lẹ̀ tí ó padà sí aago a máa yí padà, aago a sì fi ṣírò. Ìṣirò ni, kì í ṣe ìran rírí: àwọn kan ti de irú aago yìí mọ́ tíṣù ìnùdí, ó sì sọ iye ìgbà tí ọkàn tíṣù ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Aláago kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A máa bọ́ tirẹ̀ dè mọ́ ọwọ́ aládùúgbò, a sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, kò ní láti lo oògùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìlù ọkàn ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀tọ̀, ohun tí nọ́ọ̀sì ń dì mọ́ apá, tí ó ń wú tí ó sì ń fún apá pọ̀, ni a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ẹ̀rín.

Àṣẹ aago tí ó kà sí jù lọ ni ti ìṣísẹ̀. Aago ní kí ó rin 10,000 lójúmọ́, ó sì gbà pé àwọn oníṣègùn ni wọ́n fi ìwádìí gbé iye náà kalẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: ilé-iṣẹ́ kan ní Jàpáànù tí ó gbé ẹ̀rọ ìkàṣísẹ̀ kan tí ń jẹ́ Manpo-kei jáde ní ọdún 1965 ni ó fi iye náà polówó ọjà rẹ̀. Nítorí pé ìṣirò tuntun a máa bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru, Aláago a máa yí ilé rẹ̀ po ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí ọlọ́dẹ àdúgbò yóò sì máa tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Ọ̀kadà ni ó gùn dé ọjà ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ọwọ́ ni aago sì wà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí apá ṣe ń fì síwá sẹ́yìn ni ó fi ń mọ̀ pé ènìyàn ń rìn. Bí obìnrin tí ó ru agbọ̀n obì ti oko dé, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù mú, bá wọ irú rẹ̀, ìṣísẹ̀ tí yóò kà fún un kò ní tó èyí tí ó rìn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún ọmọkùnrin tí ń ti bárò láàárín àwọn tírélà tí ó tò sí etí márosẹ̀. Aláago tí ó jókòó sí abẹ́ ìbòòji, tí ó ń fi apá ṣàpèjúwe bí òun ti rìn tó, ni iye tirẹ̀ lè máa gòkè.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná kò gba àlàyé púpọ̀: bí iná kò bá sí, tí aago sì kú, kì í bọ́ ọ, a kàn máa béèrè iye tí aago lù lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bí ó bá sì wà láàyè, àkókò ojú rẹ̀ kì í yẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ fóònù ni ó ti ń gbà á, fóònù náà sì ń gbà á lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Síbẹ̀, bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò bá fi ìpàdé sí aago mẹ́wàá, nígbà tí ó bá ń lọ sí méjìlá ni Aláago ń wọlé, tí yóò na ọwọ́ sí akọ̀wé kí ó lè rí i pé aago méjìlá kò tíì lù, ó ṣì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Akọ̀wé a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà, òun ni ó ń san owó ìtanràn pípẹ́ dé jù lọ.