Arábìnrin Onígi-Lórí

Bí ẹ bá rí obìnrin kan lọ́ọ̀ọ́kán ní ìgboro Èkó, tí ó gbé ọrùn dúró gan-an bí ẹni tí ó ru ìkòkò epo, tí kò lè wo ẹ̀gbẹ́ láìyí gbogbo ara pọ̀ mọ́ ọrùn, tí igi méjì tí a gbẹ́ tí ó sì ń dán gbinrin dábùú ara wọn ní ìpàkọ́ rẹ̀, tí ṣóńṣó ọ̀kan kọjú sí Ìkòyí, tí ti èkejì kọjú sí Àpápá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà fún un lọ́nà, kí ẹ sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí Arábìnrin Onígi-Lórí ni ó ń kọjá lọ, ọmọ a-kó-irun-jọ-fi-igi-tì-í, ọmọ a-jí-ní-kùtùkùtù-wo-dígí-títí-oòrùn-fi-kan-àtàrí. Ẹ má ṣe rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Ó wà ní Yábàá, ó wà ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ó sì wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òtútù kò jẹ́ kí ó ṣí fìlà, ṣùgbọ́n tí ó ti lu fìlà náà ní ihò kí igi lè rí ọ̀nà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: inú iná ni obìnrin yìí ti jáde wá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń mú un lọ sọ́dọ̀ onírun, tí wọ́n ń fi rílásà pa á lórí, rílásà tí èyí tí ó le jù nínú rẹ̀ ní irú sódà kan náà tí àwọn ọlọ́ṣẹ fi ń ṣe ọṣẹ. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ lórí kí omi tó dé e, tí onírun bá lọ dáhùn fóònù, awọ orí a bó, etí a sì jóná. Nígbà tí irun iwájú rẹ̀ fi sá sẹ́yìn débi tí kò sí ibi tí yóò tún sá sí mọ́, ó gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, irun tí Elédùmarè fún un sì hù, ó dúdú, ó ki, ó ká kóńkókóńkó. Ta ni yóò bínú sí i nítorí èyí? Ó ṣe dáadáa. Àṣejù tí ó tẹ̀ lé e ni à ń wí.

Irun di ìsìn. Àwọn baba wa a máa wí pé orí ni à bá bọ, à bá fi òrìṣà sílẹ̀. Arábìnrin wa sì gbà tọkàntọkàn pé ohun tí ó hù lórí ni wọ́n ń bá wí. Ìsìn náà sì ní ìpele tirẹ̀: Andre Walker, ẹni tí ó ń ṣe irun fún Oprah Winfrey ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ni ó pín irun ọmọ aráyé sí ìpele mẹ́rin ní ẹ̀wádún 1990, tí ó fi èyí tí ó nà gbọnrangandan ṣe ìkíní, tí ó fi èyí tí ó ká jù ṣe ìkẹrin, lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà sì kún nọ́ńbà títí a fi ní 4C. Bí ẹ bá bi Arábìnrin wa léèrè irú ẹni tí ó jẹ́, yóò kọ́kọ́ dá yín lóhùn pé 4C ni òun, kí ó tó rántí pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni òun pẹ̀lú.

Iṣẹ́ igi náà kúkú ní ọgbọ́n nínú, a kò gbọdọ̀ fi owú bò ó mọ́lẹ̀. Bí omi bá kan irun tí ó ká, ńṣe ni yóò sún kì, tí èyí tí ó gùn dé èjìká yóò fi sá lọ sí ẹ̀bá etí. Nítorí náà, lálẹ́ ni Arábìnrin wa yóò ti pín in, tí yóò fi òwú dúdú kó o kí ó lè nà, tí yóò sì wé aṣọ sátíìnì lé e, nítorí òwú ìrọ̀rí a máa fa òróró irun mu. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tú u, yóò fi òrí pa á, yóò kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, yóò lọ́ ọ, yóò sì ká a jọ. Nígbà náà ni igi yóò wọlé: ṣóńṣó rẹ̀ yóò mú díẹ̀ nínú irun tí a ká, yóò fẹnu kan awọ orí, yóò mú díẹ̀ nínú irun ibẹ̀ pẹ̀lú, ọwọ́ yóò yí i padà, a ó sì tì í kọjá lábẹ́ irun títí yóò fi yọ lódìkejì. Irun tí ó nà a máa yọ́ bọ́ lára igi, ṣùgbọ́n èyí tí ó ká a máa di ara rẹ̀ mú, bí ó bá ti mú igi, ó mú un nìyẹn. Igi tí kò dán a máa fa irun já. Igi tí kò lágbára, irun tí ó ki yóò kán an. Ìdí nìyí tí ó fi di méjì, ìdí sì nìyí tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ fi ti mọ̀ pé kí òun má ṣe retí rẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ìmọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Yóò sọ fún yín pé ní ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́, bí ọmọbìnrin bá pé ọdún 15, igi irun ni wọ́n fi ń há irun rẹ̀ láti fi hàn pé ó ti tó ilé ọkọ. Yóò sọ ti kanzashi, ọ̀ṣọ́ irun àwọn ará Jàpáànì. Yóò sọ ti òfin tí ìpínlẹ̀ Kalifóníà ṣe ní ọdún 2019 kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí irun àdánidá fi iṣẹ́ du ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ìkótí tí ìyá-ìyá rẹ̀ fi ń la irun, tí màmá náà sì máa ń kì bọ irun ara rẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí, yóò kàn máa wò yín ni. Kò mọ̀ pé ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, onílé gogoro àti àwọn àrà mìíràn tí a fi òwú kó, tí àwòrán náà fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún. Kò wo ère ìbejì rí, kí ó rí irun gogoro tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ lé e, tí a fi ẹ̀lú tàbí búlúù kùn. A kì í wà létí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú, ṣùgbọ́n Arábìnrin wa wà létí odò, ó sì fi owó òkèèrè ra itọ́ náà.

Mo rí ọ̀kan nínú wọn ní ọjà kan ní Sùúrùlérè, níbi tí mo jókòó sí tí mò ń dúró de télọ̀. Ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dirí lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan, kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù fún gbogbo wa. Ó fa igi kan yọ lórí, ó gbé e kalẹ̀ lórí àpótí kí a lè rí bí ó ti dán. Òòyà ìyá ti já bọ́ sẹ́yìn àpótí. Ìyá na ọwọ́, ó mú igi náà, ó kì í bọ inú agolo òrí, ó sì fi la irun ọmọ náà láti iwájú dé ìpàkọ́.

“Màmá! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi la irun! Owó ńlá ni mo rà á!”

“Ọmọ mi, ṣé ìkótí kọ́ ni? Iṣẹ́ wo ló tún ń ṣe?”

“Màmá, ọ̀ṣọ́ ni. Orí mi ni mo ń fi sí.”

Ìyá yẹ ṣóńṣó igi náà wò, ó fi la ìlà kejì. “Ó mà dáa o,” ni ó wí. “Èló lo fẹ́ tà á?”

Kí Arábìnrin wa tó rí èsì fọ̀, igi kan ṣoṣo tí ó kù lórí rẹ̀ jọ̀wọ́ ẹrù, ìdajì irun náà sì ya bò ó lójú.

Níbi ìnáwó ni ìyà rẹ̀ pọ̀ sí, nítorí ẹni tí ó wé gèlè fún un ti bẹ̀ ẹ́ títí kí ó yọ igi, ó ní àfi bí òun bá kú. Wọ́n wé aṣọ-òkè lé e, igi sì lu aṣọ-òkè já kí wọ́n tó pín jọ̀lọ́ọ̀fù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí orin ìyìn bá gbóná tí ó sì da orí sẹ́yìn, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń gbàdúrà jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ fẹ́ dán an wò, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀: ẹ mú igi tí ó dán tí ẹnu rẹ̀ kò mú, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá yín àgbà bóyá ọ̀kan ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ wọ dánfó, ẹ dákun, ẹ yọ ọ́ sínú báàgì kí ẹ tó jókòó.