Bọ̀dá Ramúramù

Kí ẹ tó rí i ni ẹ ó ti gbọ́ ọ. Bó bá ku òpó iná mẹ́ta kó dé ibi ìnáwó, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ kánópì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀: àwọn ọmọdé á fi ìka dí etí, onílù á dáwọ́ dúró, ìyá ìyàwó á béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ ló bú gbàmù. Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Bọ̀dá Ramúramù ló dé. BMW M3 ló ń gùn, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe nílùú Regensburg ní Jámánì láàárín ọdún 2000 sí 2006. Ó ti rin 240,000 kìlómítà, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì yí mítà rẹ̀ sẹ́yìn lójú ọ̀nà. Bọ̀dá á sọ̀kalẹ̀, á fi aṣọ tó rọ̀ ju ìlédìí ìkókó lọ nu ibi tí kòkòrò bà lé. Ẹ wo ríìmù, ó dúdú, ó ń dán. Ẹ wo sáléńsà, ẹnu mẹ́rin ló yà síta. Ẹ wá ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á rẹ́rìn-ín, á ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é.

Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé ọkọ̀ ti gbà á lọ́kàn jù. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá a máa pe ọkọ̀ náà ní orogún òun. Wọ́n ṣì í mú. Bọ̀dá Ramúramù kò fẹ́ràn ọkọ̀ rárá; ojú àwọn tó ń wo ọkọ̀ ló fẹ́ràn. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ pín gbogbo ohun tó ti náwó lé láti ọjọ́ tó ti rà á sọ́nà méjì: ohun tí èrò ẹ̀bá ọ̀nà lè rí tàbí kó gbọ́, àti ohun tó fara pamọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní apá kìíní, ẹ óò rí ríìmù, gíláàsì dúdú, sáléńsà aláriwo, iná búlúù abẹ́ ọkọ̀, lẹ́tà M tó lẹ̀ mọ́ ibi mẹ́fà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò ronú dé, àti lọ́fínńdà tó ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ jígí. Ní apá kejì, ọ́ìlì kan, èyí tó bá ọkọ̀ dé láti èbúté. Ọkùnrin tó ń ra gèlè fún ìyàwó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò fún un lówó oúnjẹ, a kò lè pe tiẹ̀ ní ìfẹ́. Gèlè ló fẹ́, kò fẹ́ obìnrin.

Ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn kì í sì í ṣe ohun tí à ń fojú fò. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà ni, lítà 3.2, agbára ẹṣin 343, tó lè yí nígbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Písítìnì kọ̀ọ̀kan ń rin mìlímítà 91 lálọ, ó ń rin 91 lábọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá dé 8,000, písítìnì kan á ti rin mítà mẹ́rìnlélógún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, nínú àyè tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ni kò jẹ́ kí irin ha irin níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe é fi ní ọ́ìlì 10W-60 ni kó máa mu, lítà márùn-ún àbọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bù nínú dúrọ́ọ̀mù sínú ike. Ìdí nìyí tí wọ́n tún fi ní, nígbàkígbà tó bá ti rin nǹkan bí 48,000 kìlómítà sí i, kí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnì nígbà tó bá tutù, kí wọ́n wọn àyè tó wà níbi fáàfù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àyè náà kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 0.18, kò sì gbọ́dọ̀ ju 0.23 lọ, ìyẹn bí abala ìwé méjì tí a fi lé ara wọn. Bó bá fún jù, fáàfù kò ní padé dáadáa, iná á máa jó o létí. Bó bá fẹ̀ jù, á máa ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ọkọ̀ tó ti rin 240,000 ti yẹ kó gba àyẹ̀wò yìí lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ bi Bọ̀dá Ramúramù pé mélòó ló gbà. “Ẹ má dààmú, mọ́tò yìí kò ní wàhálà kankan.”

Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù ni pé ọkọ̀ náà ń bá a sọ̀rọ̀. Lójú àwo tó ń ka bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí, àwọn iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn tò sí ẹ̀gbẹ́ àwọn nọ́ńbà ńláńlá. Bí wọ́n bá ṣíná sí ọkọ̀ láàárọ̀, àwọn iná náà á tàn. Bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná, wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ wọn kò ju “ní sùúrù” lọ: má tẹ̀ mí kọjá ibí yìí nígbà tí ọ́ìlì mi ṣì ki bí ògì. Bọ̀dá Ramúramù rí iná náà, ó wù ú, ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí Wáásáàpù, ó sì tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gààràgà lójú géètì, nítorí àwọn ará ilé kejì ti jáde síta. Ìyẹn ni ti iná ọsàn. Nígbà tí iná ìyeyè tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní kí oníwáyà bá òun wá nǹkan ṣe sí i. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n a lè fi téèpù dúdú bò ó. Nígbà tí ọkọ̀ gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì sọnù, wọ́n sì da omi inú ọ̀rá sí rédíétọ̀ dípò kúláǹtì. Láti ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnì kò ti tètè gbóná dé ibi tó yẹ, tó ń mu epo bí ẹni tó ti oko dé, tí ìpẹtà sì ń jẹ ẹ́ láti inú. Àwọn iná ọsàn yẹn kò tètè kú mọ́. Ó rò pé wọ́n túbọ̀ ń ṣe é lẹ́wà ni. Pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ńkọ́? Wọ́n yọ wọ́n, wọ́n fi bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n, wọ́n fi sáńpépà ha wọ́n lẹ́nu, wọ́n dá wọn padà. Ohun tó ń pè ní sẹ́fíìsì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ jù ni iye tó rà á. Iye tí ẹlòmíì fi ra Kọ̀rólà, ó ní iye yẹn lòun fi ra M3. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò bi ara rẹ̀ pé kí ló sọ ọkọ̀ tó wọ́n bí ojú nígbà tó jáde di ọjà ẹ̀dínwó. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kì í ṣe aláàánú. Ó mọ̀ pé béárìn ìdí kónírọ́ọ̀dù inú ẹ́ńjìnì yìí máa ń jẹ. Ó mọ̀ pé ibi tí ìdí ọkọ̀ náà ti so mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn máa ń sán, àní lórí títì tó tẹ́jú ní Jámánì, ká má tíì sọ ti kòtò tiwa. Ó wo iye owó àtúnṣe, ó wo ọkọ̀, ó tà á. Gbèsè ló tà. Ẹni tó rà á ra gbèsè, wọ́n fi ọkọ̀ ṣe èènì. Ogún ọdún ti sọ iye ọkọ̀ náà wálẹ̀, kò sọ ohun tó ń jẹ wálẹ̀. Ńṣe ló sọ ọ́ sókè, nítorí rọ́bà tó ti gan, bẹ́líìtì tó ti là àti kọ́ìlì tó ti rẹ̀ kì í dúró de owó oṣù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àwọn kan á gbà á sílẹ̀ pé owó ni kò sí. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí náírà náà sì já wálẹ̀, ohun gbogbo tó bá gba orí omi wọlé ti gbówó lórí. Ṣùgbọ́n orí omi kan náà ni ríìmù gbà wọlé, oṣù tí owó ọ́ìlì kò sí sì ni owó ríìmù jáde. Ẹni tí kò lágbára M3, kí ó gun Kọ̀rólà. Ṣe bó o ti mọ kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Àwọn mìíràn á ní ayédèrú ló kún ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀, pé ọ́ìlì tí a kò mọ ìyá rẹ̀, a kò rí ìdí tó fi yẹ ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé omi kò mọ́, ńṣe ló máa ń sẹ́ ẹ, kì í fi ọdún méjì mu omi inú ìkòkò kan náà. Ayédèrú jẹ́ ìdí láti máa ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo tí a mọ̀, ká sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Wọ́n tún lè ní àwọn mẹkáníìkì ni kò mọṣẹ́. Lóòótọ́, ẹni tó yọ tẹ́mósítáàtì sọnù kò ṣe dáadáa. Àmọ́ ohun tí oníbàárà bá ń sanwó lé ni oníṣẹ́ ń mọ̀ ọ́n ṣe. Fún ọdún gbọọrọ, “ẹ ṣáà bá mi ṣe é kó lè gbé mi dé ibi àríyá” ni Bọ̀dá ń sanwó lé. Mẹkáníìkì ti wá di ọ̀gá nínú gbígbé ọkọ̀ dé ibi àríyá.

Èyí tó máa ń fi pa èèyàn lẹ́nu mọ́ ni ti bàbá rẹ̀: Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975, tí bàbá gùn títí ewú fi bò ó, tí kò sì ṣe nǹkan kan sí i. Ìgbàgbé ló ń dà á láàmú. Ọkọ̀ ìgbà yẹn ní kọ́ńtáàtì tí wọ́n ń ha, tí wọ́n sì ń wọn àyè rẹ̀. Ó ní kábúrétọ̀ tí wọ́n ń fọ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, ọkọ̀ kò ní jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí náà wọ́n ń ṣe é. Bàbá á fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, á fi àkísà nù ún, á tì í padà, á tún fà á yọ, á gbé e sókè síbi tí oòrùn wà, á wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí bàbá ń ṣe gbogbo èyí fún, agbára rẹ̀ kì í sábà tó ọgọ́rùn-ún ẹṣin. Ti ọmọ ju mẹ́ta irú rẹ̀ lọ. Ọ̀pá ọ́ìlì wà lára M3 náà. Bọ̀dá kò tíì mọ ibi tó wà.

Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnì á nọ́kì. Bọ̀dá Ramúramù á ní iṣẹ́ ayé ni, ó ní àwọn tó ń wò ó ti wò ó pa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò rántí pé ojú tí òun ń wá lè ṣe òun ní jàǹbá. Ṣebí pásítọ̀ da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọ́n ya ọkọ̀ sí mímọ́, ṣebí àna rẹ̀ sì pa ajá fún Ògún ní kọ̀rọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni du àdúrà. Òróró orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò kàn ní jò wọ inú ẹ́ńjìnì ni, alágbẹ̀dẹ tó sì ń bọ Ògún lójoojúmọ́ kì í tìtorí ìyẹn fi ẹwìrì rẹ̀ sílẹ̀ láìtún un ṣe. Àwọn ará àdúgbò á máa pe ọkọ̀ náà ní àbíkú, nítorí ẹni kẹrin tó ń kú mọ́ lọ́wọ́ nìyí. Àbíkú kọ́. Kò tíì bọ́ sọ́wọ́ òbí kankan ni.

Wọ́n á fi béárìn tòkunbọ̀ sí i. Bọ̀dá á wá ra ọ́ìlì, ojúlówó, èyí tó ki jù lọ́jà, kí ariwo irin lè rọlẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi rí ẹni rà á. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ tó máa rà láti ọdún tó ti ń gùn ún nìyẹn, ojú aláìmọ̀kan ló sì rà á fún. Oníbàárà á dé. Á yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, á fi ọwọ́ pa ríìmù, á ka lẹ́tà M mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò ní bèèrè fáàfù, kò ní fa ọ̀pá kankan yọ. Á ní kí wọ́n bá òun ṣíná sí i, kí òun gbọ́ bó ṣe ń bú.