Oríkì Uther, Ọba Àbíkú

Onílù, rọra. Ẹ jẹ́ kí n wárí.
Kábíyèsí o!
Kí adé pẹ́ lórí,
kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀,
kí àáké pẹ́ lọ́wọ́ tẹ̀tú yín.

Uther Pendragon, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ wá sáyé.
Geoffrey ará Monmouth bí yín sínú ìwé Látìn
ní nǹkan bí ọdún 1136.
BBC tún yín bí sínú tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2008,
nínú eré tí wọ́n pè ní *Merlin*.
Wọ́n wẹ̀ yín, wọ́n kùn yín lósùn,
wọ́n gbé yín wọ Anthony Head bí agbádá.
Àbíkú ọba!
Ẹni tó lọ tó padà, níbi àpá la ti ń mọ̀ ọ́n.

Pendragon, Orí-Dírágónì!
Nínú ìwé, ìràwọ̀ yọ lójú ọ̀run, ó gbé dírágónì oníná,
Merlin aríran tú u fún yín pé ẹ ó jọba.
Ẹ moore: ẹ fi wúrà rọ dírágónì méjì,
ẹ fi ọ̀kan ta ìjọ Winchester lọ́rẹ,
ẹ ń gbé ìkejì lọ sógun.
Ti tẹlifíṣọ̀n gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ:
Orí-Dírágónì pa dírágónì,
ó ku ẹyọ kan, ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é sábẹ́ ààfin.
Ọmọ ẹkùn tó ń pa ẹkùn jẹ,
a-fi-orúkọ-ara-rẹ̀-ṣẹran-ọbẹ̀!

Ọkọ Igerna, ọkọ aya aláya!
Níbi àsè Ọdún Àjíǹde ní London lojú yín ti kàn án.
Gorlois ọkọ rẹ̀ gbé e pamọ́ sí Tintagel létí òkun.
Merlin fi idán gbé ojú Gorlois wọ̀ yín.
Ẹnubodè ṣí, yàrá ṣí,
Igerna rò pé olówó orí òun ló dé.
Lóru ọjọ́ náà ni wọ́n pa Gorlois lójú ogun,
lóru ọjọ́ náà ni oyún Arthur dúró.
Olè ni yín o, Kábíyèsí,
àmọ́ olè tó mọ ẹni tó bá a di àkàbà mú.

Àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ní irú èyí ò ṣe é wò,
tọmọdé tàgbà ló ń jókòó ti eré nírọ̀lẹ́ Sátidé.
Wọ́n sọ yín di ọkọ rere:
Igerna di Ygraine, aya yín gidi, ọmọ nìkan ni kò rí bí.
Ẹ tọ Nimueh onídán lọ, ó fi idán fún yín lọ́mọ.
Ẹ̀mí kan ló ń gba ipò ẹ̀mí kan: Ygraine kú.
Kí ni ọkọ rere wá ṣe?
Ó nu ẹnu nù, ó ní idán ló jẹ̀bi.
Oṣó tó ń lọ, oṣó tó ń bọ̀, ó ní kí wọ́n máa bẹ́ wọn lórí.
Nígbà tó pé ogún ọdún, ó se àsè ìrántí;
kí àsè tó bẹ̀rẹ̀, ó bẹ́ orí ọmọ ìyá àgbà kan.
Ìyá ju ọ̀bẹ sí Arthur níbi àsè,
Merlin fi idán gbà á lẹ́nu ọ̀bẹ.
Ẹ ò mọ̀ pé idán ni. Ẹ ta á lọ́rẹ ńlá:
ẹ sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ Arthur!
Ẹni tó ń tú ìràwọ̀ lọ́jọ́sí
ló ń kó ìgbẹ́ ẹṣin lónìí.
A-jẹun-tán-fọ́-àwo, kú ọlá o!

Ṣé ìwẹ̀ ti mọ́? Ẹ gbé fìtílà súnmọ́ ibí.
Gorlois inú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rẹ́ yín àtàtà ni.
Nígbà tó lọ sógun, ta ló ń bá Vivienne aya rẹ̀ ṣeré?
Morgana tí gbogbo ayé ń pè lọ́mọ Gorlois,
ta ni bàbá rẹ̀?
Apá kẹta eré náà tú u fó, lọ́dún 2010.
Àpá rè é o! Mo mọ̀ yín!
Wọ́n fọ ẹní Igerna títí,
ìdọ̀tí ṣí lọ sórí ẹní Vivienne.

Ikú yín náà ní oríkì.
Nínú ìwé, àìsàn dá yín dùbúlẹ̀,
wọ́n fi ibùsùn gbé yín lọ sógun,
àwọn Saxon ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ ṣẹ́gun wọn.
Májèlé inú omi ìsun ló pa yín.
Nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gún yín lọ́bẹ,
Merlin fẹ́ fi idán wò yín sàn,
oògùn Morgana tó wà lọ́rùn yín yí idán padà.
Ẹ kú, ẹ ò sinmi.
Arthur fun ìwo idán, ẹ jí dìde,
ẹ ò bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni?"
Ẹ ní kí ló dé tó fi ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe olorì,
kí ló dé tó fi ọmọ tálákà joyè.
Òkú tí idán gbé wá, tó tún ń lé oṣó kiri ààfin!

Kábíyèsí, ìwé gbé ẹ̀bi òru kan kọ́ yín lọ́rùn.
Tẹlifíṣọ̀n fọ òru náà,
ó fi ogún ọdún ẹ̀jẹ̀ dípò rẹ̀, ó ní ẹ ti mọ́.
Mo kì yín tán.
Ẹ má wulẹ̀ wá owó oríkì:
ẹni tó ń fi ẹnu lásán pe òkú dìde,
kí ni wọ́n ń pè é láàfin yín?
Onílù, ká lọ. Tẹ̀tú ti ń pọ́n àáké.